Omi ṣe kókó fún ìjàpá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn tó ń sin ìjàpá nílé sọ̀rọ̀ lórí omi, kí n sì bẹ àwọn dókítà ẹranko lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìjàpá kì í mu omi, pé ewé àti èso tó ń jẹ ti tó o. Ìgbàgbọ́ yìí lè má tètè pa ìjàpá tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò ní agbára láti fara dà á.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé ìjàpá ní ibi tó ń fi omi pamọ́ sí. Inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń fa omi padà nígbà tí ọ̀dá bá dá, ìdí sì nìyí tí ìjàpá aginjù Mojave ní Amẹ́ríkà fi lè lo oṣù púpọ̀ láìfi ẹnu kan omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá bà á, tàbí tí wọ́n bá ń gbé e sókè sódò, ó máa ń tú omi náà dànù. Ẹ wá wo èyí tí ajá gé ìkarahun rẹ̀ jẹ, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n fún ní oògùn oorun, tí wọ́n dá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, tí kò sì jẹun láti ìgbà náà: omi tó wà nípamọ́ ti lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju òùngbẹ lọ. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín ìjàpá ń yọ máa ń jáde ní funfun bí ògì. Bí omi bá tó lára rẹ̀, ó máa ń ṣàn. Bí omi bá dín, á ki, á le, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á mọ iyanrìn nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òkúta inú àpò ìtọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀, òkúta yìí gan-an sì wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n la ìkarahun àyà ìjàpá. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ kẹ̀, bí gentamicin àti amikacin, àti oògùn ìrora bí meloxicam, lè ṣe kíndìnrín léṣe, pàápàá nígbà tí omi kò bá tó lára. Abẹ́rẹ́ tí a ń fún un kí ó lè yè lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣe é ní jàǹbá.

Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, dókítà ni yóò fún un ní omi, yálà kí ó gún un sábẹ́ awọ tàbí kí ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò jẹ́ mìlílítà 10 sí 30 fún kílò kan lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé ìjàpá oníkílò 2 lè gba mìlílítà 20 sí 60. Kí onílé má ṣe fi ṣíbí tàbí sìríǹjì da omi sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà èémí ìjàpá wà nídìí ahọ́n, kò sì lè wúkọ́ bí ènìyàn. Omi tó bá ṣìnà, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ìwẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa. Kí dókítà tó sọ pé ojú abẹ ti pa dé, tàbí pé ohun tí wọ́n fi lẹ ìkarahun náà kò gba omi, omi kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ àyà ni wọ́n là, nítorí àyà yìí ló máa ń jókòó lé nínú bàsíà. Bí ó bá ti fún wa láṣẹ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí kò ga ju àgbọ̀n ìjàpá lọ, ni a ó gbé e sí fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ dúró tì í. Yóò kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà yóò na ọrùn, yóò ti imú bọ omi, ẹ ó sì máa rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ó ti ń mu ún. Ó sábà máa ń yàgbẹ́ sínú omi náà. Ẹ dà á nù lójú ẹsẹ̀ nítorí ojú ọgbẹ́, kí bàsíà náà má sì dé ilé ìdáná láé, torí kòkòrò àrùn Salmonella máa ń wà nínú ìgbẹ́ ìjàpá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, yánrin tàbí gbọ̀rọ̀ tí a fọ̀, tí a kò gbọn omi rẹ̀ dànù, tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn.

Àkókò ọyẹ́ ló le jù. Afẹ́fẹ́ gbẹ, òru tutù, bí iná mànàmáná bá sì lọ, gílóòbù tó ń mú ibùsùn rẹ̀ móoru ti kú nìyẹn. Ìjàpá tí òtútù mú kì í jẹ, kì í mu, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì tètè jinná. Ike omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé dáadáa lè ràn án lọ́wọ́ títí iná yóò fi dé. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀: bí ó bá ń fúyẹ́ tí ojú sì ń jìn wọnú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Nígbà tí wọ́n dá ìjàpá tiwa padà fún wa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn àti ọjọ́ àbẹ̀wò nìkan ni wọ́n kọ sínú káàdì. Kò sí ọ̀rọ̀ omi níbẹ̀ títí mo fi béèrè. Èyí ni mo fi ń bẹ àwọn dókítà wa. Okùn tí wọ́n fi rán awọ irú ẹranko yìí lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, eegun ìkarahun sì lè lò ju ọdún kan lọ kí ó tó jinná pátápátá, nítorí náà ọwọ́ onílé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa: ọjọ́ tí omi lè kan ọgbẹ́, bí omi náà yóò ti jìn tó, àti àmì tó yẹ kí a rí kí a tó sáré padà wá. Kò yẹ kí a máa méfò.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, bí ẹ bá lè bẹ dókítà ẹranko kan, bóyá láti ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti Alábàtà ní Abẹ́òkúta, kí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí ọyẹ́ tó dé, yóò wúlò gan-an fún àwa tó ń sin ẹran yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn