Ẹ má ha ọ̀dà àtijọ́ níbi tí ọmọdé wà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sójú ìwé yín. Àwọn onílé, àwọn akunlé àti àwa tí a ń tọ́mọ nínú ilé àtijọ́ ní Kaduna níbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ilé tí mò ń gbé ní Kakuri ti wà kí n tó dé ìlú yìí ní 1983. Lóṣù tó kọjá, onílé ní kí wọ́n tún un kùn. Akunlé dé láàárọ̀ kùtù, ó mú irin pẹlẹbẹ àti sáńpépà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha férémù fèrèsé pálọ̀. Bó ṣe ń ha á ni àwọ̀ ń yọ lábẹ́ àwọ̀: funfun, búlúù, àwọ̀ ewé, títí ó fi kan yẹ́lò kan tó ń dán bíi pé àná ni wọ́n kùn ún. Eruku rẹ̀ bo tìmùtìmù, ó bo kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá, rá lọ síbẹ̀. Kí n tó ti ilé ìdáná dé, ó ti ki èérún ọ̀dà kan bọnu. Ìka ni mo fi yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní kò sí nǹkan, pé ọmọ wo ni kì í jẹ iyẹ̀pẹ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, pàápàá èyí tó ń dán tí àwọn akunlé ń pè ní glọ́ọ̀sì. Òjé tí apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kó lè rì náà ni, òun náà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀. Ọ̀dà lè gbó, kó bó, kó di eruku, òjé inú rẹ̀ kò lọ síbì kan. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ara rẹ̀ lè fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Inú eegun ló ń sá pamọ́ sí, ọpọlọ ló sì ń bà jẹ́ jù. Ara ọmọ lè má gbóná, kó máa jẹun, kó máa ṣeré, síbẹ̀ kí iṣẹ́ ibi náà máa lọ lábẹ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò léwu.

Mo fi ọdún 29 kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tí ìwé kò wọ̀ lórí rárá, tí mo pè ní ọ̀lẹ lójú gbogbo kíláàsì. N kò lè sọ pé òjé ló fà á. Ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè irú ilé tí wọ́n ń gbé, ó sì ń dùn mí.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa lókè ọya. Ní 2010, ní Dareta àti Yargalma ní Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọ ń jókòó sí. Àwọn ọmọ tó kú ju 400 lọ. Eruku ọ̀dà kò tó tiwọn, n kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń gbà wọlé: láti ilẹ̀ sọ́wọ́, láti ọwọ́ sẹ́nu.

Tìróò ń kọ́, tí a ń lé fún ìkókó? Ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ní Boston l'Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé ló kó ìdá tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Mo gbé ọmọ wa lọ sí ilé ìwòsàn kan fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá ibà ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní àwọn kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò òjé, kí n máa gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn ohun tí ojú Zamfara rí! Mo bẹ ìjọba, ó kéré tán, kí ilé ìwòsàn kan wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a ti lè ṣe é.

Ẹ̀yin akunlé, ọ̀dà tí kò bá tíì bó, ẹ kùn ún mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ha á. Èyí tó bá pọn dandan, ẹ fi omi rin ín dáadáa kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí ọmọ àti aboyún kúrò nínú ilé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá eruku náà, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun.

Akunlé wa ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọmọ àti ìyá rẹ̀ yóò ti wà ní ilé àbúrò mi. Èmi ti pọn omi kún garawa méjì dè é.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Kakuri, Kaduna