Apá kan wà nínú lẹ́tà yìí tí o kò gbọdọ̀ kà sí Bàbá létí

Àjọkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. O ní iṣẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún ọ láti fèsì, gbogbo ẹni tó gbọ́ sì ti gbà ọ́ nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn ẹnì kan kò sì bá ti ẹnì kejì mu. O wá ní kí èmi náà dá sí i. Ṣé àwọn tó wà nílẹ̀ kò pọ̀ tó ni?

Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ń ka lẹ́tà mi fún gbogbo ilé. Mo ti fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ apá kan. Tí o bá dé ibẹ̀, rọra fò ó. Bàbá ni mo ń rò.

Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Màmá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní kí o mú ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù nínú méjèèjì, nítorí ilé-iṣẹ́ ńlá kì í wó. Bá mi kí wọn dáadáa. Ọdún 1850 ni wọ́n dá Lehman Brothers, tó wá di báńkì ńlá, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti lo ọdún 158 láyé nígbà tí gbèsè bò ó mọ́lẹ̀ tó sì gba kóòtù lọ, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé páálí ẹrù wọn jáde, àwọn oníròyìn ń ya wọ́n ní fọ́tò. Mi ò ní kí o sá fún ilé-iṣẹ́ ńlá o. Owó oṣù wọn sábà máa ń wọlé lásìkò, wọ́n sì máa ń kọ́ni níṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò bi ọ́ pé, tí o bá lo ọdún méjì níbẹ̀, kí lo máa mọ̀ ọ́n ṣe tí o kò mọ̀ ọ́n ṣe báyìí.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní tirẹ̀ ní iṣẹ́ tí ọkàn rẹ bá fẹ́ nìkan ni kí o ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́. Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Apple sílẹ̀, náà sọ ohun tó jọ ọ́ fún àwọn tó ń gboyè ní yunifásítì Stanford ní oṣù Kẹfà ọdún 2005: kí wọ́n wá iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, tí wọn kò bá sì tíì rí i, kí wọ́n máa wá a lọ. Ṣùgbọ́n wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó fi ilé ìwé gíga sílẹ̀, ó bá àwọn Atari tó ń ṣe géèmù ṣiṣẹ́, ní 1974 ó forí lé Íńdíà, ohun ẹ̀mí ló ń wá lọ síbẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti Steve Wozniak dá Apple sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan bi í ní 1974 pé kí ni ọkàn rẹ̀ fẹ́, mi ò rò pé kọ̀ǹpútà ni ì bá kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi náà ńkọ́? Ìwọ náà mọ̀ pé mo kórìíra ìṣirò ní kékeré. Ìgbà tí mo mọ ìṣirò owó débi pé àwọn èèyàn ń wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn rẹ̀.

Ìlà pupa ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ìmọ̀ràn tó burú jù tí mo gbà rí, Bàbá ló fún mi. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo rìnrìn àjò ni. Wọ́n ní, "Tẹríba, ṣiṣẹ́ rẹ, má béèrè nǹkan kan. Ẹni tó ń wò ọ́ á rí ọ." Ọdún mẹ́fà ni mo fi tẹríba, Àjọkẹ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé, èmi ni mo máa ń kẹ́yìn jáde. Tí ìṣirò ẹ̀ka mìíràn bá dàrú, wọ́n á gbé e wá bá mi, màá tún un ṣe, màá dákẹ́. Lọ́dún kẹfà, ipò olórí ẹ̀ka wa ṣí sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́, tí kò tíì lo ọdún méjì, ni wọ́n fún. Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ti to ọ̀rọ̀ sínú láti ilé. Ẹnu yà á, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ ẹ."

Mo bínú sí i fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò purọ́. Ìlú mìíràn ni ọ̀gá yẹn ń gbé, orí kọ̀ǹpútà la ti ń rí ara wa. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣirò ti pé. Kò sí bó ṣe máa mọ ẹni tó jókòó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó pé. Bàbá ní tiwọn, inú yàrá kan náà ni àwọn àti ọ̀gá wọn ti ṣiṣẹ́ fún 30 ọdún. Tí Bàbá bá wúkọ́, ọ̀gá gbọ́. Ìmọ̀ràn yẹn ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀wù tó bá wọn mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n bọ́ fún mi.

Ohun tí mi ò tíì lóye ni pé Bàbá yìí kan náà ló máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló dé tí wọn kò di òwe yẹn mọ́ ẹrù mi?

Ìlà pupa parí síbí. O lè gbóhùn sókè padà.

Ìyá àgbà kan jókòó sí tábìlì tó kọjú sí tèmi nígbà náà, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n rí i pé inú mi bàjẹ́, wọn kò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Wọ́n kàn bi mí pé, "Kí lo ṣe lọ́dún tó kọjá?" Nǹkan méjì péré ni mo rántí. Ọdún kan gbáko! Wọ́n wá ní kí n ra ìwé kékeré kan, pé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí n tó pa kọ̀ǹpútà, kí n kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ẹni tó ṣe láǹfààní, iye owó tàbí àkókò tí wọn kò pàdánù mọ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n ní tó bá ju ìlà mẹ́ta lọ, ó máa sú mi. Ìlà kan tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ nìyí: "Àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà tó máa ń gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin ti di ọjọ́ kan ààbọ̀."

Nígbà tí wọ́n tún pè mí láti yẹ iṣẹ́ ọdún wò, mi ò ráhùn. Mo ṣí ìwé mi, mo kà á, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé tí ipò yẹn bá tún ṣí, èmi fẹ́ ẹ. Kò tún ṣí. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà ni mo kà sórí lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo ti rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí.

Ẹni tó ta mí lólobó pé iṣẹ́ yìí wà, a kò tíì pàdé ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nígbà náà. Ó jọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mark Granovetter, onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí lórí ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó rí iṣẹ́ láti ẹnu ojúlùmọ̀, nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló máa ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. Àwọn yòókù, ìgbà dé ìgbà ni, tàbí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Ohun tí ìwọ gbọ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ náà gbọ́, nítorí náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ jáde láàárín yín.

Màmá ní kí o má fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí ìwé tuntun. Màmá tọ̀nà.

Nípa iṣẹ́ méjèèjì, mi ò ní yan ọ̀kan fún ọ. Pe àwọn tó fẹ́ gbà ọ́, kí o bi wọ́n: ta ló máa yẹ iṣẹ́ rẹ wò, ibo ló sì máa ń jókòó sí? Ẹni tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀, ibo ló lọ? Ìgbà wo ni wọ́n máa ń tún owó oṣù wò, ta ló sì ń pinnu rẹ̀? Tí ìbéèrè bá bí wọn nínú, ìyẹn náà èsì ni. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Bàbá á bi ọ́ pé kí ló dé tí o fo apá kan. Sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ àwa obìnrin ni. Wọn kò ní béèrè mọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ