Májèlé, Abẹ́rẹ́ àti Orí Igún: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ igún ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ẹyẹ tó máa ń tò sórí òrùlé odò ẹran láyé àwọn òbí wa ti ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ò mọ̀ ọ́n àfi nínú òwe.

Igún kékeré tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, tó ń bá èèyàn gbé ìlú, là ń wí. Lọ́dún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ìwádìí tó jáde ní 2016 sì sọ pé láàárín ìran mẹ́ta ẹyẹ yìí, nǹkan bí ìdá 83 nínú 100 rẹ̀ ló ti lọ ní Áfíríkà. Nínú ikú oríṣiríṣi igún tí wọ́n rí kọ sílẹ̀, májèlé ló fa ìdá 61 nínú 100, òwò oògùn ìbílẹ̀ fa 29.

Adìyẹ lè pa ọmọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé lọ́dún. Yóò sàba lé e fún bí àádọ́ta ọjọ́, ọmọ á lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìtẹ́, nígbà tó bá sì fò tán, àwọn òbí rẹ̀ á ṣì máa bọ́ ọ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá pa ọ̀kan nínú wọn lásìkò yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti pa ọmọ náà mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe igún ni wọ́n dẹ májèlé sílẹ̀ fún. Ajá ń pa ewúrẹ́ ẹnì kan. Onítọ̀hún á da oògùn kòkòrò oko bíi carbofuran sórí ẹran, á gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ajá kú, igún bà lé òkú ajá. Igún kì í dá jẹun: bí ọ̀kan bá ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà lókèèrè rí i, wọ́n á tẹ̀ lé e. Bí òkú kan ṣe ń pa agbo igún nìyẹn. Májèlé yìí máa ń dí iṣẹ́ iṣan ara lọ́wọ́ títí èémí á fi dúró. Bí ẹ bá rí igún méjì, mẹ́ta, tó kú sí tòsí ẹran, tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, tí èékánná ẹsẹ̀ wọn ká bí ẹ̀ṣẹ́, májèlé ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ ké sí àwọn oníṣègùn ẹran ìjọba, kẹ́ ẹ sì lé ajá àti ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Àwọn kan wà tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nítorí orí rẹ̀. Ní Guinea-Bissau, láti ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, igún tó lé ní 2,000 ni wọ́n fi májèlé pa, wọ́n sì gé orí ọ̀pọ̀ lára wọn lọ. Ẹ̀yin lẹ́kúlẹ́jà, àti ẹ̀yin tó ń ra orí igún fún awúre, ẹ gbọ́: májèlé tó pa ẹyẹ náà ṣì wà lára rẹ̀. Sísá a sóòrùn tàbí yíyan án kò ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ pé ó ti kúrò. Ẹni tó bá lá àgúnmu rẹ̀ lè lá májèlé. Àwọn baba wa ò sì fi èyí pamọ́: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àwọn náà ló ní bí a ò bá rí igún, a ò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Ta wá ni yóò gba ẹbọ tí a bá pa á tán?

Ẹ̀yin tó ń sin màlúù, ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ diclofenac, oògùn ara ríro. Bí màlúù tí wọ́n gún un fún bá kú láìpẹ́, tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún náà á dáṣẹ́ sílẹ̀, kì í sì í pẹ́ tó fi ń kú. Ní Íńdíà, òkú màlúù tí oògùn yìí pọ̀ lára rẹ̀ débi tó lè pa igún kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igún wọn run. Ajá tó ń rìn káàkiri wá pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù dìgbòlugi pẹ̀lú. Lọ́dún 2006 ni wọ́n fòfin de diclofenac níbẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Meloxicam ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò sì pa igún. Ẹran tó bá kú lẹ́yìn oògùn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ mẹ́fà, jìnnà sí kànga, kẹ́ ẹ sin ín.

Omi ikùn igún kan débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà nínú òkú ẹran. Ẹ wo bí ìfun àgbò ṣe ń rà ní kòtò láàárín Iléyá àti Ojúde Ọba, tó jẹ́ pé eṣinṣin nìkan ló kù níbẹ̀.

Ẹ̀yin onígẹdú Ìjẹ̀bú-Igbó, orí igi gíga bí àràbà àti ìrókò ni igún ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Kẹ́ ẹ tó tan ẹ̀rọ ìgégi, ẹ gbójú sókè. Bí ìtẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ fi igi náà sílẹ̀. Bí gígé bá sì di dandan, ẹ dúró kí ọmọ fò ná.

Àwa oníṣègùn ẹran kan,
Ìjẹ̀bú-Òde