Sí Àbẹ̀kẹ́, tíṣà kíláàsì kẹrin

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Inú mi dùn nígbà tí o pè lálẹ́ àná, àmọ́ mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe wálẹ̀ nígbà tí o ní pírámárì fóò ni hẹdimísírẹ́sì gbé fún ẹ. O rò pé wọ́n kàn fi ọ́ dí àlàfo ni: kì í ṣe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń kọrin, kì í ṣe àwọn tó ń múra ìdánwò àṣejáde. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo lò nínú kíláàsì yẹn. N kò fẹ́ sọ èyí lórí fóònù, torí owó orí rẹ̀ á tán kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ohun tí sílébọ́ọ̀sì fẹ́ kí o kọ́ wọn kò pamọ́: ìlọ́po àti pínpín nọ́ńbà gígùn, ìdá, ìwọ̀n, lẹ́tà kíkọ, àwòrán ilẹ̀. Èyí tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni pé ẹnu ọmọ ń yí padà lọ́dún yẹn. Láyé tiwa, ìlànà ìjọba ni kí á fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Tó bá ti di ọdún kẹrin, Òyìnbó ló kù. Ọmọ á gba ọlidé ní Júláì, Yorùbá ló fi ń dáhùn. Á wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, tíṣà ò gbọ́ Yorùbá mọ́! (Àwọn ilé-ìwé aládàáni kì í tilẹ̀ dúró dìgbà yẹn, láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń fi Òyìnbó há wọn lọ́fun.) Ọmọ tẹ́nu rẹ̀ kì í sinmi lọ́dún tó kọjá á wá jókòó bí ẹni tí òjò pa.

Mo ṣe àṣìṣe níbẹ̀, kí n má purọ́ fún ẹ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó lọ́jọ́ kan, lédè Òyìnbó, pé kí wọ́n pín ọsàn 96 lọ́gbọọgba fún ọmọ mẹ́jọ. Mo ní kí ọmọkùnrin kan dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Mo pè é ní olódo lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, mo dọ́jà, ta ni mo bá nídìí àtẹ ọsàn ìyá rẹ̀? Mẹ́rin ni ₦50 nígbà yẹn. Mo ní kó kó ti ₦350 fún mi. Kò tilẹ̀ wo òkè: "Méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, mà." Ó fi méjì ṣe èènì, ó sì ka ₦150 lé mi lọ́wọ́ nínú ₦500 tí mo fún un. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúpẹ́. Ọmọ yìí mọ pínpín. "Share equally" tí mo kọ ni kò yé e.

Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, tí mo bá ti ka ìbéèrè lédè Òyìnbó, ọmọ kan á sọ ọ́ lédè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Alábẹ̀wò kan bá mi nídìí ẹ̀, ó ní mo fẹ́ ba Òyìnbó wọn jẹ́. Mo rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní Modákẹ́kẹ́ níbẹ̀: ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pírámárì ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, tìṣirò tìsáyẹ́ǹsì. Òyìnbó dá dúró bí iṣẹ́ kan, ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Òyìnbó ní ọdún kẹrin lọ, Òyìnbó wọn ò sì jó rẹ̀yìn. Alábẹ̀wò fi ìwé rẹ̀ sábíyá, ó jáde.

Ìdá ló máa dà ẹ́ láàmú jù. Tí o bá bi wọ́n èwo ló pọ̀ jù nínú 1/4 àti 1/8, púpọ̀ nínú wọn á ní 1/8, torí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Má bínú. Ra búrẹ́dì kékeré méjì, gé ọ̀kan sí mẹ́rin, gé èkejì sí mẹ́jọ, kí o wá bi èyí tí kò jẹun wá nílé pé èwo ló fẹ́.

Òǹkà Yorùbá náà ń bọ̀. Márùndínláàádọ́ta ti di àdììtú fún ọmọ ìsinsìnyí. Má fi ṣe àkọ́sórí fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, pé àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá, kí wọ́n tún wá yọ márùn-ún. Àyọkúrò méjì nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo! Èmi fúnra mi, mo ti kọ́ni fún ọdún mẹ́fà kí n tó fojú sí i.

Tí wọ́n bá sì ṣì ń gbé pátákó kọ́ ọmọ lọ́rùn níbẹ̀ torí pé ó sọ Yorùbá, má bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Mo ti kó àwọn ìdérí ìgò tí mo fi ń kọ́ni ní pínpín sínú báàgì àdìrẹ yẹn. Igba ni wọ́n, mo ti fọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ á gbé wọn wá ní Fúráìdè. Tí tíṣà kíláàsì kẹta bá fẹ́ yá wọn, kà wọ́n lójú rẹ̀ kí o tó kó wọn fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ