Ohùn Tí Ọmọ Mọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé àti yunifọ́ọ̀mù tán, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ tó wà láàárín wa ni mo ń bá wí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbéra ní kùtùkùtù láti Láfẹ́nwá, láti Ìtòkú, láti Ìjẹmọ̀, lọ dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wàrà ni Ọjọ́ Olùkọ́ Àgbáyé tí àjọ UNESCO ti ń ṣe láti ọdún 1994. Wọn yóò kí yín lọ́jọ́ náà, ìkíni sì tọ́ sí yín. Kí ọjọ́ náà tó dé, mo ní ọ̀rọ̀ kan.

Ní Abẹ́òkúta wa yìí, iṣẹ́ àlùfáà àti iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe àjèjì síra wọn. Láti ìgbà tí Henry Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó, ti dé síbí ní 1843 ni ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń bára wọn rìn. Rẹ́fúrẹ́ńdì I. O. Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá Abeokuta Grammar School láti 1932 títí di 1954, òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ, agbo ló ń dà.

Nínú Jòhánù orí 10, Jésù sọ pé olùṣọ́-àgùntàn a máa pe àwọn àgùntàn rẹ̀ ní orúkọ, wọn a sì máa tẹ̀ lé e nítorí pé wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ 5 dáadáa: àgùntàn kì í tẹ̀ lé àlejò, ńṣe ló ń sá fún un. Olùkọ́ lè wà nínú kíláàsì kan fún ọdún mẹ́ta gbáko kó sì jẹ́ àlejò níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti jẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Olúwa tó pè mí sí iṣẹ́ yìí, olùkọ́ ni mí. Ọmọkùnrin kan wà ní JSS2 tó máa ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Mo nà án títí, kò yí padà. Lọ́jọ́ kan mo gbé ẹgba sílẹ̀, mo pè é sẹ́yìn kíláàsì, mo bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ó dojú kọlẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni òun ń gbé, òun ṣì máa ń tọ̀ọ́lé, òun sì gbọ́dọ̀ fọ ẹní àti aṣọ tí òun fi sùn kí òun sá wọn kí òun tó jáde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Mo ní mi ò ní sọ.

Ọjọ́ kejì ni mo sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Kì í ṣe pé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́; àlàyé ni mo ń ṣe fún ẹnì kan tó fẹ́ nà án. Ẹyin lọ̀rọ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, “Atọ̀ọ́lé” ti di orúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lókèèrè, á gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, á sì gba ọ̀nà ibòmíràn. Kò pẹ́ dé mọ́, nítorí kò wá mọ́. Mi ò lọ sílé wọn lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì Kútọ̀, ó ti di géńdé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Òun gan-an ni mi ò tíì rí bẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá fi àṣírí lé yín lọ́wọ́, ẹ bò ó. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ òun, tàbí ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ má ṣe ìlérí pé ẹ máa pa á mọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa wá ẹni tó lè gbà á, kí ẹ sì tọ ọ̀gá ilé ìwé lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ẹ̀yin ọkùnrin inú yín, ẹ má dá ọmọbìnrin dúró sínú yàrá tí ẹ ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìfẹ́ kò ní kí á má ṣọ́ra.

Mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì yín, owó oṣù kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀ ẹ gbìyànjú kí ẹ mọ orúkọ wọn kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí. Bí ẹ bá mọ oríkì ọmọ, tí ẹ pè é ní Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́ nígbà tó bá ṣe dáadáa, ẹ ó rí bí orí rẹ̀ yóò ṣe wú. Ẹ má pe ọmọ ní olódo. Ẹ má dárúkọ ẹni tí kò tíì sanwó ilé ìwé níwájú ogunlọ́gọ̀. Bàbá rẹ̀ ló jẹ gbèsè, òun kọ́. Bí ẹ bá sì ṣi ọmọ nà, ẹ bẹ̀ ẹ́ lójú àwọn tí ẹ nà án lójú wọn. Àwọn àgbà kan máa ń ní ìyẹn yóò já wa wálẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ bẹ̀ kì í gbàgbé ohùn olùkọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìwàásù, kí gbogbo olùkọ́ mú orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ. A ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Orúkọ nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí i.

Olùṣọ́-àgùntàn yín