Ìbúra tí Japan Bú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Bí a ṣe parí ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ṣé ó yẹ kí Japan yí òfin wọn padà, èyí tó ní àwọn ò ní jagun mọ́?" Sáàmù 15 la ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán, níbi tí Dáfídì ti yin ẹni tó búra sí ibi ara rẹ̀ tí kò sì yí i padà. Mo ní kí wọ́n má yí i.

Japan kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ló gbógun ka àwọn ará Ṣáínà mọ́lé, kí àdó olóró tó bọ́ lu Hiroshima àti Nagasaki ní oṣù kẹjọ 1945. Ti Nagasaki máa ń dùn mí wọra. Òkè àdúgbò Urakami ló ti bú, láàárín àwọn Kristẹni tí àwọn baba ńlá wọn fi ìgbàgbọ́ pamọ́ fún ohun tó lé ní igba ọdún. Àwọn kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ju àdó náà sì ń ka Bíbélì bíi tiwa.

Ní May 3, 1947, ìwé òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala 9 ní Japan kọ ogun sílẹ̀ títí láé.

Àwọn kan sọ pé Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ lé wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀gágun MacArthur, ará Amẹ́ríkà tó ń darí Japan lẹ́yìn ogun, ló kọ ìpilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Jóṣúà, orí 9 náà ni (mi ò wá a o!). Àwọn ará Gíbéónì gbé búrẹ́dì tó ti bu àti bàtà àlẹ̀mọ́ wá, wọ́n fi tan Ísírẹ́lì títí wọ́n fi búra fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àṣírí tú. Àwọn èèyàn kùn, àmọ́ àwọn olórí ní àwọn ti fi Olúwa búra. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù wá da ìbúra náà, ìyàn ọdún mẹ́ta ló tẹ̀ lé e nígbà ayé Dáfídì.

Mi ò fojú kékeré wo ẹ̀rù tó ń ba àwọn ará Japan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun Kòríà Àríwá ti fò kọjá lórí ilé wọn. Àwọn èèyàn Nehemáyà pàápàá fi ọwọ́ kan mọ odi, wọ́n fi èkejì di ohun ìjà mú. Láti 1954 ni Japan ti ní ẹgbẹ́ adáàbòbò. Ká má tan ara wa, ọmọ-ogun ni wọ́n, orúkọ ló yàtọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí abala 9 dúró gan-an nìyẹn: ìjọba tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró ṣàlàyé fún aráàlú. Kí wọ́n tó lè yí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí aráàlú tún dìbò. Láti 1947, wọn ò tíì yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Ọmọ wa ò jẹ́ n lọ. "Bàbá, orí 10 ńkọ́?" Níbẹ̀, nítorí ìbúra kan náà, Ísírẹ́lì gbé idà lọ gba Gíbéónì sílẹ̀. Ó jọ òfin tí Japan ṣe ní 2015, pé àwọn lè ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ lójú ogun bí ewu náà bá kan àwọn. Mo ní kó fún mi di Ọjọ́rú. Ẹ ka orí méjèèjì wá, ẹ sì mú Bíbélì oníwèé dání. Ti inú fóònù máa ń dún láàárín àdúrà.