Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi ní Houston, lórí lẹ́ǹsì gbogbonìṣe yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo nǹkan níbẹ̀ yẹn? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé o ti ra kámẹ́rà fíìmù, N80 ti Nikon tún ni, èyí tí àwa níbí mọ̀ sí F80, ó dáa bẹ́ẹ̀ o jàre. O wá bi mí bóyá kó o ra lẹ́ǹsì kan ṣoṣo tó ń fẹ̀ tó tún ń fa ọ̀nà jíjìn, 28-200 tàbí 28-300 (mìlímítà ni, nọ́ńbà kékeré ń fẹ̀, ńlá ń fa ọ̀nà jíjìn), tí wàá fi ya gbogbo nǹkan tó o bá wá ṣe Iléyá nílé, tá a jọ lọ sí Ojúde Ọba, torí àwọn kan ti ń sọ fún ẹ pé lẹ́ǹsì gbogbonìṣe ò dáa. Má dá wọn lóhùn. Rà á.

Fíìmù gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún ṣebí. Ọdún 1992 ni Tamron gbé 28-200 tiwọn jáde, fíìmù ni gbogbo ayé ń lò nígbà yẹn. Ti àkọ́kọ́ yẹn má rà á o, ẹni tí kò bá jìnnà sí ẹ tó mítà méjì, lẹ́ǹsì yẹn ò lè mú fókọ́ọ̀sì lára ẹ̀, wàá kàn máa fẹ̀yìn rìn láàárín èrò ni. 28-200 G tí Nikon ṣe ní 2003 ni mo fẹ́ fún ẹ, ó fúyẹ́, kò tó 400 gíráàmù, èèyàn sì lè sún mọ́ nǹkan débi tí kò tó ìdajì mítà. Wọ́n á ní fọ́tò ẹ̀ ò mú tó ti lẹ́ǹsì olówó ńlá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tó o bá lò ó ní f/8 (nọ́ńbà f ni bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ṣí tó) tí wọ́n wá fọ̀ ọ́ sí postcard tàbí 5x7, ta ló fẹ́ mọ̀?

Ìwọ náà mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Àwọn ìdílé Balógun á gẹṣin wọlé, ẹṣin á máa jó, ìbọn á máa dún, o ò sì ní lè sún mọ́ wọn. Ibẹ̀ ni 200 ti máa ṣiṣẹ́ fún ẹ, wàá rí òógùn tó ń dán lọ́rùn ẹṣin, wàá rí ọwọ́ ẹni tó gùn ún bó ṣe di ìjánu mú, wàá rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń wo ọ̀gangan ibi tí wọ́n ti máa kí ọba. Kó o tó mí báyìí, ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, gbogbo wọn nínú aṣọ òkè kan náà, gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn ẹ́ nímú, o kàn máa yí lẹ́ǹsì padà sí 28 ni, gbogbo wọn á wọ fọ́tò. Ẹni tó bá ń wá lẹ́ǹsì míì nínú báàgì nígbà yẹn, ẹ̀yìn wọn ló máa yà. Eruku tí pátákò ẹṣin ń tú tún wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé fíìmù tó o máa pààrọ̀ nìkan ti tó wàhálà, torí yanrìn bíńtín tó bá wọ ibi tí fíìmù ń gbà kọjá lè fa ilà gbọọrọ láti fọ́tò àkọ́kọ́ dé ìkẹrìndínlógójì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kí lẹ́ǹsì má kúrò lójú kámẹ́rà.

Ìmọ́lẹ̀ ni kó o fọkàn sí. Digital, tí ibi kan bá ṣú, o máa gbé ISO sókè, ìyẹn bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó, àmọ́ fíìmù tó o bá ti kì bọ̀ ọ́, 400 ni 400 títí wàá fi yà á tán. Lẹ́ǹsì yìí tó o bá fà á dé 200, f/5.6 ló lè ṣí mọ. Nínú oòrùn ọ̀sán kò sí wàhálà, fíìmù 400 ní f/8, sípíìdì tí kámẹ́rà fi ń ṣí tó fi ń pa dé á tó 1/1600 ìṣẹ́jú àáyá, F80 sì ń lọ dé 1/4000. Lábẹ́ kánópì ńkọ́? Á já wálẹ̀ sí bíi 1/200, ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ ti ba fọ́tò 200 jẹ́ nìyẹn, torí náà fẹsẹ̀ rìn sún mọ́ wọn kó o lo 70 tàbí 100. 28-300 ti Tamron tún burú jù bẹ́ẹ̀, f/6.3 ni ní ìparí, fókọ́ọ̀sì á máa lọ á máa bọ̀ níbi tí ò mọ́lẹ̀, ìyẹn ni mi ò ṣe bá ẹ fọwọ́ sí i. Fíìmù Portra 400 ti Kodak ni kó o rà, fi Gold 200 sílẹ̀, torí ìyẹn nílò ìmọ́lẹ̀ jù ú lọ. Tí ẹni tó o fẹ́ yà bá wọ léèsì funfun, fi +1 sí i, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì, torí aṣọ yẹn máa ń tan mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà jẹ, á wá sọ ojú wa di èédú, fíìmù negative ò sì bínú sí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀.

Tó bá dalẹ́ tá a wọlé pàtì, bọ́ lẹ́ǹsì yìí kúrò. 50mm f/1.8 ni kó o fi sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá f/5.6, kò sì wọ́n.

Ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá kọ DX sí, bíi 18-200 yẹn, ti digital ni, igun fọ́tò á dúdú lórí fíìmù. Ti Tamron, Di II ni kó o sá fún, Di lásán ò ní wàhálà kankan. Ní 28 àwọn òpó kánópì lè tẹ̀ díẹ̀ létí fọ́tò, máa fi wọ́n sí àárín.

Bátìrì CR123A, méjì-méjì ló ń lò, kó púpọ̀ bọ̀. Fíìmù, má kó o sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ ní éápọ́ọ̀tù, gbé e lọ́wọ́, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ẹ̀rọ CT tuntun wọn yẹn, tí wọ́n fi ń yẹ inú báàgì wò, ń ba fíìmù jẹ́. Tí àyè bá wà, jọ̀ọ́ bá mi mú HP5 díẹ̀ wá, fíìmù dúdú àti funfun yẹn, màá san owó ẹ̀. Tó o bá ti mọ ọjọ́ tó ò ń bọ̀, tètè sọ fún mi kí n lè bá wa wá ibi tá a máa sùn ní Ìjẹ̀bú, ibi gbogbo máa ń kún.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ ní Ìbàdàn